Ọwọ́ Tó Wà Nínú Òjò Òwúrọ̀

Èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti rí i tó ń bọ̀, tó gbé àpò gìtá kọ́ èjìká, tó sì ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò ṣòkòtò kí nǹkan má baà kọlù ú, wọn á ní, "Eléèékánná ń lọ." Èékánná ọwọ́ òsì, ó máa ń gé e kanlẹ̀ bí ti ọmọ iléèwé lọ́jọ́ Ajé. Tọwọ́ ọ̀tún, ó dá a sí, ó ń fi sáńpépà ha á láràárọ̀ títí yóò fi máa dán bí inú ìkarahun. Àwọn tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ rò pé fáàrí ni. Iṣẹ́ ni. Gìtá olókùn ọ̀rá ló ń ta, ti orin kílásíkà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ki iná bọ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń bá a gbé ohùn rẹ̀ sókè. Èékánná yẹn ni ohùn rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin yìí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Àwo méje ló ṣe. Gbogbo ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa gìtá, inú àwo méje yẹn ni mo ti jí i kọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe, lórí gìtá kan tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ àwo kẹta, ẹ ó rò pé ẹnì kan finá sábẹ́ ìjókòó mi ni. Orin tó gbẹ̀yìn lójú kejì àwo náà ń jẹ́ Òjò Òwúrọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, òun ló sì sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè láti òkè òkun. Láàárín orin náà, ibì kan wà tó gba ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Àtàǹpàkò ń rìn jẹ́jẹ́ lórí àwọn okùn tó nípọn. Ìka mẹ́ta ń tọ ara wọn lẹ́yìn lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, ìka òrùka, ìka àárín, ìka ìlábẹ̀, òrùka, àárín, ìlábẹ̀, wọ́n ń sáré débi pé etí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, ó di ohùn kan tó ń wárìrì láìdúró. Tirémólò ni àwa ń pè é. Ìka òrùka ló máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, torí òun ló ya ọ̀lẹ jù lọ́wọ́. Nínú ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ yẹn, kò yọ̀lẹ. Gbogbo ohùn dọ́gba bíi hóró àgbàdo lára ṣùkù.

Kì í ṣe ọwọ́ Eléèékánná ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin ni. Ọdún méjìdínlógójì ló fi mọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìtìjú yẹn ṣe bá a gbé, àti bóyá ó lè sọ ọ́ nígbà tí etí àbúrò rẹ̀ ṣì ń gbọ́, ni mo jókòó kọ yìí. Àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì tako ara wọn.

Káfíńtà ni bàbá wọn. Oníbàárà kan tó ń kó kúrò nílé ló fẹ́ da gìtá kan nù tí ọrùn rẹ̀ ti kán. Bàbá gbà á, ó lẹ̀ ẹ́, ó gbé e fún àkọ́bí rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ ní. Nígbà tí ọmọbìnrin ń dàgbà, bàbá fi pákó fẹ́lẹ́ là á sí méjì, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì. Pákó yẹn ò dá ohùn dúró rárá. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n fi ju àbúrò lọ, gbogbo ohun tó bá sì ń ṣe láṣetúnṣe lápá tirẹ̀, àbúrò ń gbọ́ ọ lápá tirẹ̀, bó fẹ́ bó kọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n lọ kọ́ orin nílùú mìíràn, wọ́n fún un ní gìtá tuntun níbẹ̀. Ti bàbá wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí ọmọbìnrin má fọwọ́ kàn án. Kò kàn wá sí wọn lọ́kàn pé ó lè fọwọ́ kàn án ni.

Ó fọwọ́ kàn án. Kò ní olùkọ́, kò ní ìwé. Ohun tó ti gbọ́ gba inú pákó ló ń wá káàkiri lára okùn títí tí yóò fi bá a. (Bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, orí mi wú.) Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ó di taipísìtì ní ọ́fíìsì lọ́yà kan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n gbé fún un le bí ẹni ń tẹ òkúta. Ìka tó bá dẹwọ́, lẹ́tà rẹ̀ kò ní hàn lórí ìwé kejì tó wà lábẹ́ kábọ̀n. Ọ̀gá rẹ̀ á dá ìwé padà: "Ìka òrùka ẹ ń sùn lónìí." Ìka òrùka náà kò sùn mọ́ láyé. Lóòótọ́, ọ̀gá máa ń ráhùn pé kí ló dé tó ń dá èékánná ọwọ́ ọ̀tún sí. Àbúrò á sọ fún un pé àṣà ìgbàlódé ni.

Ẹ̀gbọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ dé nígbà yẹn, àbúrò kì í sì í fọwọ́ kan gìtá bàbá àyàfi bí ẹ̀gbọ́n bá jáde. Ó ti ṣe àwo àkọ́kọ́, nínú gbọ̀ngàn iléèwé kan. Bẹ́ ẹ bá tẹ́tí dáadáa sí orin kejì nínú rẹ̀, ẹ ó gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá níta, mo sì fẹ́ràn agogo yẹn ju orin náà lọ. Àwo kejì, inú yàrá ilé iṣẹ́ rédíò ni, ohùn rẹ̀ gbẹ bíi bisikíìtì. Lẹ́yìn èyí ni ilé iṣẹ́ àwo gidi kan pè é. Ilé bàbá wọn ló ṣì ń gbé. Ibẹ̀ ló ti kọ Òjò Òwúrọ̀, tí àbúrò rẹ̀ sì ń tẹ ìwé ọ́fíìsì tó kó wálé lápá kejì pákó.

"Bọ̀ọ̀dá," àbúrò á ké sí i láti ọ̀hún, "ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ dùn ju eléyìí lọ."

"Taipísì, máa tẹ ìwé ẹ."

Ṣùgbọ́n á padà síbẹ̀. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé gbogbo ìgbà tí àbúrò òun sọ bẹ́ẹ̀, òun padà síbẹ̀.

Ọjọ́ méjì péré ni ilé iṣẹ́ àwo fún un ní sítúdíò. Lójú ọjọ́ kejì, gbogbo orin ti wọlé tán àyàfi àárín Òjò Òwúrọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó rí i pé èékánná ìka òrùka rẹ̀ ti là díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ohun bàbàrà. Gbogbo ẹni tó ń ta gìtá yìí ló mọ̀ ọ́n wò: wọ́n á gé aṣọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan bíi ìpẹ́ ẹja, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó là, wọ́n á dúró kó gbẹ, wọ́n á wá fi sáńpépà ha á títí á fi dọ́gba. Òun kò dúró. Ó kun gọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn, ó wọ ọkọ̀, ó dé sítúdíò, ó rí i pé etí aṣọ náà yọ síta, kò lè gba sáńpépà gbọ́ pé yóò tètè ṣe é. Ó fi eyín mú etí rẹ̀, ó fà á. Aṣọ tẹ̀lé eyín, gọ́ọ̀mù tẹ̀lé aṣọ, èékánná tẹ̀lé gọ́ọ̀mù. Ó kan ẹran.

Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni tó ń ta gìtá, ẹ ó rí bí ojú rẹ̀ á ṣe fún pọ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Wọ́n gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka tí kò ní èékánná, ohùn rẹ̀ kú. Nínú ohùn mẹ́ta tó bá jáde, ọ̀kan á ṣe bọ̀ọ̀, bí ẹni tó ń tiro. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì, tó ń gba ohùn sílẹ̀, Elétí ni wọ́n ń pè é, torí wọ́n ní ó lè gbọ́ aago ọwọ́ nínú àpò ẹlòmíràn. Ó ṣí ìdétí tó fi ń gbọ́ ohùn, ó sì nu ojú.

"Ọ̀gbẹ́ni, orin yìí ń fẹsẹ̀ kan rìn," ó ní. "Ọ̀la, àwọn ẹlòmíì ló ni yàrá yìí. Ká gé àárín ẹ̀ jù nù ni?"

Nígbà yẹn ni àbúrò wọlé. Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ló fi wá. Ìwé tí wọ́n máa tẹ̀ sẹ́yìn àwo ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ taìpù, ó gbé e wá. Ó gbọ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn.

"Ẹ má gé e," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kò bínú. Ó gbé ìwé náà kalẹ̀, ó na ọwọ́: "Ẹ gbé gìtá wá." Àpótí kékeré tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé ga jù fún un, ó tì í sápá kan, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé páàsì ara rẹ̀. Ó bi Elétí pé ṣé ó ti ṣe tán. Ó ta á.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Èyí tẹ́ ẹ ń gbọ́ nínú àwo títí dòní nìyẹn.

Elétí ṣí ìdétí, ó tún un dé, ó tún ṣí i. "Ta lẹ̀yin gan-an?"

"Àbúrò ẹ̀ ni mí. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú, ọ̀gá mi á ti máa wo ilẹ̀kùn."

Eléèékánná sọ fún mi pé ohun àkọ́kọ́ tí òun mọ̀ lára kì í ṣe ọpẹ́. Ó ní bí ẹni pé wọ́n bọ́ aṣọ lára òun lójú ọjà ni. Síbẹ̀, ó sin àbúrò rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì ṣèlérí fún un: "Orúkọ ẹ máa wà níbẹ̀. Màá jẹ́ kí wọ́n tún ìwé yẹn tẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ki ìka yín bọ omi iyọ̀."

Elétí fi bíléèdì gé téèpù níbi méjì, ó fi sẹlotéèpù tinrín so wọ́n pọ̀. Kò sí ìránmọ́ tó hàn. "Ta ló máa mọ̀?" ó ní, ó ń fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tó so.

Ìwé ẹ̀yìn àwo ṣì wà lórí tábìlì. Àbúrò fúnra rẹ̀ ló ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pé ẹ̀gbọ́n òun ló ta gbogbo gìtá inú àwo náà. Wọ́n mú un lọ bẹ́ẹ̀. Eléèékánná ní ó yẹ kí òun sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, òun sún un di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí àbúrò ti ń ta gìtá bàbá ní gbangba lẹ́yìn pákó, ẹ̀gbọ́n wọlé wá bá a, ó ní ọmọ kan wà láàárín àwọn tí òun ń kọ́ tí kò ní gìtá, ṣé òun lè mú ti bàbá fún un. Àbúrò bẹ̀rẹ̀, ó fà á jáde lábẹ́ ibùsùn, ó nù ún pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ó gbé e fún un. Kò bi í ní nǹkan kan.

Àwo jáde, òkìkí sì dé. Gbogbo gbọ̀ngàn tó bá wọ̀, bó bá ti ń kí wọn pé ó dàárọ̀, wọn á máa pariwo Òjò Òwúrọ̀. Kò ta á rí. Nígbà tí oníwèé ìròyìn kan bi í léèrè, ó ní, "Òjò kan náà kì í rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì." Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yẹn gẹ̀gẹ̀. Èmi alára kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí mo wá mọ òtítọ́, kànrìnkàn ni mo fi pa á rẹ́, ojú ibẹ̀ sì mọ́ ju ìyókù ògiri lọ, ó wá burú sí i.

Ṣé kò lè ta á ni? Ó lè ta á. Èékánná hù padà, ó dán an wò nínú yàrá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. "Mo lè ta á," ó sọ fún mi. "Mi ò lè ta á bẹ́ẹ̀ yẹn." Àwo mẹ́rin ló tún ṣe lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dára, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Ìkarùn-ún, tó ta pẹ̀lú ibà lára, mo lè sun ẹkún lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sí tirémólò ẹyọ kan. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn rí. Mo ní ọ̀gá ti kọjá ìpele eré ọmọdé. Ọ̀rẹ́ mi ní bóyá kò lè ṣe é mọ́ ni. A ò kíra wa fún oṣù méjì.

Èyí tó wá ń jẹ Eléèékánná lọ́kàn jù ni kíláàsì ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ti ń kọ́ni láti ogún ọdún sẹ́yìn nínú yàrá òkè kan lókè ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò, àga onírin, fèrèsé tí kì í tì; nígbẹ̀yìn, èmi náà di ọ̀kan lára àwọn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dọọdún, á fi àwo kẹta sórí ẹ̀rọ, á ní kí wọ́n dákẹ́: "Ẹ gbọ́ ìka òrùka." Ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì kan wà níbẹ̀ nígbà kan, ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ó ní orin nínú gan-an, ṣùgbọ́n ìka òrùka rẹ̀ ń ya ọ̀lẹ. Eléèékánná ní kó gbọ́ àwo náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta níwájú gbogbo èèyàn, ó wá sọ fún un pé bí ìka kan ò bá lè ṣe báyìí lẹ́yìn ọdún méjì, kí ẹni tó ni ìka náà lọ wá nǹkan mìíràn fi í ṣe. Ọmọ náà ki gìtá bọ àpò. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Kò padà wá.

"Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," Eléèékánná sọ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, kò wò mí lójú.

Báyìí ni lẹ́tà dé láti ilé iṣẹ́ àwo. Wọ́n fẹ́ tún àwo méjèèje tẹ̀ jáde nínú àpótí kan. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù kan sí i tí yóò buwọ́ lù, pé òun nìkan ló ta gbogbo gìtá tó wà nínú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Elétí ti kú tipẹ́. Bó bá buwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni fi lè mọ̀. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ lọ̀tọ̀, kéèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irọ́ lọ̀tọ̀. Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá ó ká a, ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ.

Ó bá a ní pálọ̀, ó ń lọ aṣọ iléèwé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàbọ̀. Ẹ má jókòó sórí àga yẹn, aṣọ tí mo ti lọ̀ ló wà níbẹ̀."

Ó dúró lórí ìdúró, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù. Àbúrò wọ awò ojú, ó kà á kíá, bí ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ka ìwé àwọn lọ́yà.

"Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa," ó ní. "Àṣìṣe kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀."

"Èwo?"

"'Nìkan.'"

Eléèékánná fi ọwọ́ bo fọ́ọ̀mù náà. Ó ní, "Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

"Ẹ bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́, àbí pé kí n má bínú? Ẹ jẹ́ kí n mọ èyí tó jẹ́, torí áyọ́ọ̀nù yìí ń gbóná."

"Mo fẹ́ kó o ní kò sí wàhálà."

"Wàhálà wà, Bọ̀ọ̀dá." Ó yí ṣẹ́ẹ̀tì padà, ó ń lọ ọrùn rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, lọ́dún àkọ́kọ́, mo máa ń yà síbi tí wọ́n ti ń ta àwo, màá yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, bóyá wọ́n ti tún un tẹ̀. Ẹni tó ń ta á rò pé mo fẹ́ jí i gbé. Nígbà tó yá, mo ṣíwọ́. Ìyẹn ti tán lára mi díẹ̀. Gìtá bàbá ni. Ọmọ tẹ́ ẹ ní kò ní gìtá yẹn, kí lorúkọ ẹ̀?"

Kò sí ọmọ kankan. Yàrá ẹrù kan tó háyà nígbà náà ló gbé gìtá sí, ibẹ̀ ni ikán ti jẹ ẹ́.

"Kò sí ọmọ kankan," ó ní.

"Mo mọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

"Mi ò fẹ́ máa gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó mọ́."

"Torí pé mo mọ̀ ọ́n jù yín lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ibì kan ṣoṣo yẹn. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Gbogbo ìyókù gìtá láyé, ẹ fi mí sílẹ̀ jìnnà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá jẹ́ kí n máa ta ibi kékeré tèmi." Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Mo fẹ́ orúkọ mi níbẹ̀. Mi ò ní ṣe bí ẹni mímọ́ fún yín. Kẹ́ ẹ sì fẹnu ara yín sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín ọjọ́ Àbámẹ́ta, níṣojú mi. Àwọn tẹ́ ẹ ń sọ fún pé kí wọ́n gbọ́ ìka òrùka."

"Wọ́n á fi mí ṣe ẹlẹ́yà."

"Wọ́n á fi yín ṣe ẹlẹ́yà dáadáa," ni àbúrò wí, ó sì wọ́n omi sí ṣẹ́ẹ̀tì tó kàn.

Kí n tètè sọ ti ilé iṣẹ́ àwo kúrò ńlẹ̀. Ó fagi lé "nìkan," ó kọ àlàyé ojú ewé méjì, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn fẹ́ yọ orin náà kúrò. Ó ní bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yọ òun náà kúrò. Àpótí ti jáde báyìí, orúkọ àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn àwo kẹta pẹ̀lú ohun tó ṣe níbẹ̀. Ìwé ìròyìn kan ya àwòrán Eléèékánná, wọ́n fún un ní ọwọ́ obìnrin. Gbọ̀ngàn méjì tó ti pè é fagi lé e. Kò ráhùn létí mi.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà, àwa mẹ́rìnlá la wà nínú yàrá òkè. Èmi máa ń jókòó lẹ́yìn, torí gìtá mi ń tì mí lójú. A rí ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, páàsì lórí itan, a rò pé ẹnì kan ló wá bá. Eléèékánná kò jókòó. Ó di ẹ̀yìn àga mú, ó sì sọ ọ́ pátá, láti orí gọ́ọ̀mù dórí gìtá tí ikán jẹ. Kò fi èdè dídùn bò ó. Nígbà tó dé ibi ọmọ oníbúrẹ́dì, ó tún gbólóhùn tó sọ fún un sọ bó ṣe rí gan-an.

"Ìka òrùka tí mo ní kẹ́ ẹ máa gbọ́," ó ní, "kì í ṣe tèmi. Tiwọn ni." Ó nawọ́ sí ìyá àgbà.

Ọ̀gbẹ́ni báńkì tó máa ń jókòó níwájú ní, "Sà, ṣé ẹ̀ ń dán wa wò ni?"

"Rárá o."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó dá a dúró láàárín. Obìnrin kan, nọ́ọ̀sì, dìde. Ó ní ọdún mẹ́ta ni òun fi ń sunkún lórí ìka yìí lẹ́yìn iṣẹ́ òru, òun sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣe ìka òun bíi ti ọ̀gá. Ó kó gìtá rẹ̀. Kò dúpẹ́. Gbogbo wa ń gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí ó fi dé ilẹ̀. Èmi ń wo ìdí àga tó wà níwájú mi. Ojú ń tì mí bí ẹni pé èmi ni mo fi eyín fa gọ́ọ̀mù, ó sì yà mí lẹ́nu pé mi ò rí ìbínú kankan tí mo lè dìmú.

Ọ̀gbẹ́ni báńkì tún la ẹnu. Ó ní ṣé ìyá lè ta díẹ̀ nínú rẹ̀ fún wa.

Ìyá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kí gbogbo wa lè rí i. Oríkèé rẹ̀ ti wú, ìka òrùka ti tẹ̀ sápá kan. "Èyí ò lè mú bọ́tìnnì mọ́," ó ní. "Ẹ má bínú."

Eléèékánná kò mọ̀ nípa oríkèé yẹn. Bẹ́ẹ̀ rèé, ó ti rí i tó ń fi ọwọ́ náà lọ aṣọ. Ó jókòó nígbà náà, ó gbé ojú pa mọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ fi àwo sí i," ni àbúrò wí.

Èmi ni mo sún mọ́ ẹ̀rọ jù, èmi ni mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Láti ọdún tí àbúrò ti ń yí ẹ̀yìn àwo wò ní ṣọ́ọ̀bù, kò tíì gbọ́ ọ rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó tẹ orí sápá kan, ó dijú. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ kọjá.

"Mo sáré," ó ní. "Níbi tí àtàǹpàkò ti sọ̀ kalẹ̀ yẹn. Mo ń ronú ọ̀gá mi àti aago méjì."

Àwa kan rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa. Eléèékánná kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tó fi ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ohùn olùkọ́ tí kì í yìn èèyàn lásán.

"O ò sáré. Èmi ni mo kọ ibẹ̀ kó falẹ̀ jù. Ìwọ lo tún un ṣe."

Àbúrò wò ó, ó ń rò ó.

"Mo sáré díẹ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́."

Mo gbé abẹ́rẹ́ padà.